Ẹ yí páálí náà padà: ìfiwéra oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fítámì fún ẹni tí èébì máa ń gbé

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, ìyẹn hóró tó ní irin nínú, nígbà tí mo lóyún ọmọ mi kejì. Wọ́n ti sọ fún mi pé inú òfìfo ni ara ti ń rí irin gbà jù, nítorí náà ìdajì kọ́ọ̀bù omi ni mo fi ń gbé e mì, màá wọ kòròpe, ó di Ọjà Ìgbọ́nà ní Òṣogbo níbí. Ká tó dé Ọláìyá, itọ́ á ti kún ẹnu mi. Bí mo bá fara dà á títí mo fi padà sílé, gbàrà tí mo bá ti ṣí ìkòkò aró, òórùn rẹ̀ á yọ ohun tó kù nínú mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá a yí. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo kó èyí tó ṣẹ́kù dà nù, mi ò sì sọ fún nọ́ọ̀sì kankan.

Ìgbà tí wọ́n máa tún ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò, PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára mi, ti já sí 26. Ìyá ọkọ mi ló bi mí pé, "Ìyàwó mi, ṣé o ń lo oògùn tí wọ́n fún ẹ?" Mi ò lè purọ́ fún wọn. Àwọn ló mú mi lọ sí ilé oògùn kan ní Òkè-Fìà. Obìnrin apoògùn tó wà níbẹ̀ kò bá mi wí. Ó kó páálí mẹ́ta sórí káńtà, ó dojú gbogbo wọn dé, ó ní, "Ẹ má wo iwájú, mà. Ẹ̀yìn ni kí ẹ kà."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ẹ̀yìn páálí. Aláró ni mí, èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ obìnrin tí mo mọ̀ ní Òṣogbo ń da oògùn tó yẹ kó ràn wọ́n lọ́wọ́ nù, torí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé oríṣi rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí fítámì ń gbé èébì fún lè ṣe nǹkan mẹ́ta kó tó pa á tì: kó pààrọ̀ irú rẹ̀, kó dín ìwọ̀n tó ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan kù, tàbí kó pààrọ̀ àsìkò tó ń lò ó. Èyí ìkẹyìn kì í náni ní kọ́bọ̀, òun gan-an sì ni àwọn èèyàn kì í dán wò.

Oògùn ẹ̀jẹ̀

Ibí ni wàhálà pọ̀ sí jù, ibí náà ni màá sì pẹ́ sí. Irin máa ń ta awọ inú ikùn, bí omi aró ṣe ń ta ọwọ́ tó bá bó. Kì í ṣe gbogbo irin tí a gbé mì ni ara ń gbà. Díẹ̀ ló ń wọ ẹ̀jẹ̀. Èyí tó kù á sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun, níbẹ̀ ló ti ń fa inú rírun, àìrígbẹ́yà tàbí ìgbẹ́ gbuuru, tó sì ń sọ ìgbẹ́ di dúdú bí ẹ̀lú. Dúdú yẹn kì í ṣe àrùn. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí nígbà kan, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ṣáájú.

Nọ́ńbà méjì ló yẹ kí ẹ wá lẹ́yìn páálí. Èkíní ni ìwọ̀n iyọ̀ irin náà lódindi, ìyẹn irin pẹ̀lú èròjà tí wọ́n so mọ́ ọn. Èkejì ni ìwọ̀n irin gan-an tó wà nínú iyọ̀ ọ̀hún. "Elemental iron" ni wọ́n máa ń pè é. Èkejì yìí ni kí ẹ fi wé ara wọn, torí òun ni inú yín máa bá jà.

| Ohun tó wà lẹ́yìn páálí | Irin gan-an nínú hóró kan | Bí inú ṣe ń gbà á | Ẹni tí mo rò pé ó yẹ |
|---|---|---|---|
| Ferrous sulphate 200 mg | nǹkan bí 65 mg | Ó máa ń gbé èébì fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n rí ìgbẹ́ yà | Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá a jà. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì wà níbi gbogbo |
| Ferrous fumarate 200 mg | nǹkan bí 65 mg | Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí sulphate | Ẹni tó bá rí i ní owó kan náà |
| Ferrous gluconate 300 mg | nǹkan bí 35 mg | Ó rọ inú lọ́rùn díẹ̀ | Ẹni tí sulphate ti gbé èébì fún |
| Iron polymaltose | Páálí kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀ | Òun ló sábà máa ń rọrùn jù. A lè fi oúnjẹ lò ó | Ẹni tó ti dán gluconate wò tí kò bọ́ sí i, tó sì lówó rẹ̀ |

Ẹ wo ìlà kẹta dáadáa. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé gluconate ní ìwà pẹ̀lẹ́, òótọ́ sì ni, àmọ́ púpọ̀ nínú ìwà pẹ̀lẹ́ yẹn wá láti inú pé irin inú rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní ìdajì ti sulphate ni. Ẹni tó bá gbé hóró méjì rẹ̀ mì pa pọ̀ torí pé ó fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè pọ̀, 70 mg ló gbé mì yẹn, èébì á sì padà wá. Ohun tí apoògùn ní kí n ṣe ni pé kí n lo ẹyọ kan lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ẹyọ kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí n sì sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú oyún mi pé mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un lọ́tẹ̀ yìí. Kó tó di pé mo bí, PCV mi ti gòkè sí 32.

Láàárín sulphate àti fumarate, mi ò ní ní kí ẹnikẹ́ni náwó àfikún. Irin kan náà ló wà nínú méjèèjì.

Hóró kan tún wà tí wọ́n fi awọ líle bò, kó má baà yọ́ títí á fi kọjá inú ikùn. Ó ń dín èébì kù lóòótọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn gan-an, ni ara ti ń gba irin jù, nígbà tí awọ yẹn bá sì máa yọ́, oògùn lè ti kọjá ibẹ̀. Ara tù yín, ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Olómi inú ìgò ńkọ́? Ó dára fún ẹni tí hóró ń há lọ́fun, ó sì rọrùn láti fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí a máa fi kún un. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye irin tó wà nínú ṣíbí kan. Mo ti rí èyí tí wọ́n ya àwòrán ẹ̀jẹ̀ pupa sí níwájú, tí irin inú rẹ̀ kéré gan-an, tó jẹ́ pé ṣúgà àti fítámì B ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó tún máa ń pa eyín láró. Ẹ fi sítúrọ́ọ̀ fà á mu, kí ẹ sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé ojoojúmọ́ ni, tàbí ká máa fo ọjọ́ kan láàárín? Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Bí irin bá ti wọlé, ẹ̀dọ̀ á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní hepcidin sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ irin mìíràn fún bí ọjọ́ kan. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti Zurich ní Switzerland tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin tí irin ara wọn ti lọ sílẹ̀: àwọn tó lo oògùn ní ọjọ́ kan, tí wọ́n fo ọjọ́ kan, gba irin nínú hóró kọ̀ọ̀kan ju àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ lọ. Fún ẹni tí kò lóyún, tí èébì ń yọ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ yìí tó bá dókítà sọ. Aboyún ní tiẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a ṣe. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fún aboyún ni 30 sí 60 mg irin àti 400 máíkírógíráàmù folic acid, tó jẹ́ ọ̀kan lára fítámì B, lójoojúmọ́. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn kí ẹ sì wo tábìlì òkè: 30 wà nínú ìlànà náà. Kì í ṣe 65 nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Inú òfìfo tàbí lẹ́yìn oúnjẹ

Wọn ò parọ́ fún mi: inú òfìfo ni irin ti ń wọlé jù. Oúnjẹ máa ń dín in kù. Àmọ́ hóró tí mo bì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Ọláìyá, kí ló kù nínú rẹ̀ tó wọ ara mi? Ẹni tí inú rẹ̀ gbà á kó lò ó ní òfìfo, wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ. Ẹni tí kò gbà á kó jẹ oúnjẹ díẹ̀ kó tó lò ó. Búrẹ́dì, iṣu sísè ègé méjì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ti tó. Ẹ jẹ ọsàn kan tẹ̀ lé e, torí fítámì C inú ọsàn ń ran irin lọ́wọ́ láti wọlé.

Ohun tí kò yẹ kó bá irin pàdé ni tíì, kọfí, kòkó mímu àti mílíìkì. Ẹ fi wákàtí kan sí méjì sí àárín wọn. Mo mọ̀ pé ibi tí yóò ti dun ọ̀pọ̀ wa nìyí, torí omi ewé ugu tí a pò pọ̀ mọ́ mílíìkì inú agolo àti mọ́ọ̀tì ni ìyá gbogbo ń fún aboyún ní Òṣogbo níbí. Mo ti mu ún, wọ́n sì fi ìfẹ́ fún mi ni. Ṣùgbọ́n irin inú ewé kì í tètè wọ ara bíi ti ẹran àti ẹ̀dọ̀, kálísíọ̀mù inú mílíìkì tún ń dí i lọ́nà. Tí ẹ bá fẹ́ràn ugu, ẹ sè é sínú ọbẹ̀ ẹran, kí ẹ jẹ ọsàn lé e.

Fítámì C

Gbogbo wa la mọ hóró funfun kékeré 100 mg tí à ń lá bíi súìtì lọ́mọdé. Lónìí, èyí tó ń hó nínú omi ni wọ́n fi ń ṣàlejò, 1000 mg nínú hóró kan. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn: obìnrin àgbà nílò nǹkan bí 75 mg lójúmọ́, ọkùnrin 90 mg. Ọsàn kan tó tóbi níwọ̀nba ní nǹkan bí 70 mg. Bí ìwọ̀n tí a gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ara ń gba ìpín tó kéré sí i nínú rẹ̀. Èyí tó kù á lọ fa omi sínú ìfun, ìgbẹ́ gbuuru dé. Bí ẹnìkan bá kọjá 2000 mg lójúmọ́, kó má bi ẹnikẹ́ni ohun tó ń run ún nínú.

Ascorbic acid, tó jẹ́ fítámì C gan-an, jẹ́ kíkan, ó sì ń ta àyà ẹni tó bá lò ó ní òfìfo. Èyí tí wọ́n kọ sodium ascorbate tàbí calcium ascorbate sí kì í kan tó bẹ́ẹ̀, ó sì dára fún ẹni tí àyà máa ń ta. Hóró tó ń hó sábà máa ń ní iyọ̀ sodium púpọ̀, kò sì yẹ kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru máa mu ún lójoojúmọ́. Èyí tí èmi yàn ni 100 mg, lẹ́yìn oúnjẹ, ní ọjọ́ tí mi ò bá rí èso jẹ. Lásìkò ọsàn, mi ò ra hóró rárá.

Síǹkì

Nínú gbogbo wọn, síǹkì ni kì í fi àkókò ṣòfò. Lo ó ní òfìfo, láàárín ìdajì wákàtí ìrìndọ̀ lè ti dé. Zinc sulphate sábà le ju zinc gluconate lọ. Òdiwọ̀n tó ga jù fún àgbàlagbà ni 40 mg lójúmọ́, láìka èyí tí dókítà bá kọ fúnni, síbẹ̀ hóró 50 mg wà lórí àtẹ. Ẹ mú èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ sì lò ó láàárín oúnjẹ. Ti ọmọdé tó ń yàgbẹ́ gbuuru yàtọ̀: 20 mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n ń fún un, 10 mg bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú omi iyọ̀ àti ṣúgà ti ilé oògùn. Ẹ má dá a dúró kí ọjọ́ tó pé torí pé ìgbẹ́ ti dáwọ́ dúró.

Kálísíọ̀mù, màgnísíọ̀mù, epo ẹja

Calcium carbonate nílò omi kíkan inú ikùn kó tó yọ́, torí náà àárín oúnjẹ ni ibi tiẹ̀. Ó máa ń fẹ́ inú, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbà rí ìgbẹ́ yà. Calcium citrate kò bìkítà oúnjẹ, ó sì dára jù fún ẹni tó ń lo oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù, bí omeprazole. Èyí ni mo ra fún ìyá mi. Kí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan má kọjá 500 mg, kó má sì bá irin pàdé.

Magnesium oxide a máa ya inú. Ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀; ẹlòmíràn kó wá magnesium glycinate.

Epo ẹja, gígùnfẹ̀ olóòórùn ẹja lásán ló ń fà, oúnjẹ tó ní epo á sì pa á. Àmọ́ cod liver oil ní fítámì A nínú, tó bá pọ̀ jù ó lè ṣe ọmọ inú oyún níṣẹ́. Aboyún, ẹ gbé e sílẹ̀ títí dókítà á fi fọwọ́ sí i.

Oní-gbogbo-ẹ̀ tàbí ẹyọ kọ̀ọ̀kan

Hóró kan tó kó fítámì gbogbo pọ̀ dùn ún rà, ṣùgbọ́n irin àti síǹkì sábà wà nínú rẹ̀ pa pọ̀, ẹni tó bá lò ó ní òfìfo ti gba ẹgba méjì. Ọkùnrin, àti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, kì í sábà nílò irin inú rẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní irin. Ìtọ̀ tó pọ́n rúsúrúsú lẹ́yìn fítámì B kì í ṣe nǹkan kan. B2 ló ń ṣe é. Ẹni tí ẹyọ kan péré bá ṣàìtó nínú ara rẹ̀ kó ra ẹyọ kan náà. Bí inú bá bínú, ó ti mọ ẹni tó máa bi.

Àárọ̀ tàbí alẹ́

Alẹ́ ni mo yàn fún ẹni tí ìrìndọ̀ ń dà láàmú, torí bí oorun bá gbé e lọ, kò ní mọ̀ ọ́n lára púpọ̀. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́: ẹ má lò ó kí ẹ sì dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ fi omi kọ́ọ̀bù kan odidi lé e, kí ẹ jókòó fún ìdajì wákàtí. Hóró tó bá dúró lọ́nà ọ̀fun á máa jó ibẹ̀ bí iná, èèyàn á sì rò pé ọgbẹ́ inú ló ní.

Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì, ọ̀pọ̀ wa máa ń gbé oògùn mì ní sààrì tí a sì ń padà sórí ibùsùn. Mo fẹ́ kí ẹ gbé e sí lẹ́yìn ìṣínu, nígbà tí oúnjẹ díẹ̀ bá ti wọnú, kí tíì tó dé.

Ìgbà tí kì í ṣe fítámì ló fà á

Bí ẹ bá dá oògùn dúró fún ọjọ́ mẹ́ta tí èébì kò lọ, ẹ lọ yẹ ibà wò, kí obìnrin sì yẹ oyún wò. Ìgbẹ́ dúdú tó gbẹ jẹ́ ti irin. Èyí tó dúdú tó ń fà bí ọ̀dà, tó ń rùn burúkú, tàbí èébì tó ní ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ má ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un torí pé ojú rẹ̀ funfun. Folic acid ni wọ́n sábà ń fún un. Irin ti lè pọ̀ jù lára ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè, dókítà nìkan ló lè sọ bóyá ó nílò rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn apakòkòrò bíi ciprofloxacin àti tetracycline, tàbí oògùn gẹ̀gẹ̀ tó ń jẹ́ levothyroxine náà, kó béèrè iye wákàtí tó gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, torí irin àti kálísíọ̀mù kì í jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́.

Èyí tó kù jẹ mọ́ àwọn tó ní ọmọ kékeré nílé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ pupa, ó ń dán, ṣúgà wà lára rẹ̀. Súìtì ni lójú ọmọdé. Ìwọ̀nba hóró ló lè pa á. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ni tèmi wà. Bí ọmọ bá gbé e mì, kódà kó máa rẹ́rìn-ín kó máa ṣeré, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì dúró wò ó bóyá yóò bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí yẹn gan-an, kí ẹ sì mú páálí náà dání, kí dókítà lè ka ẹ̀yìn rẹ̀.